Roberto Clemente: Bí A Ṣe Ń Ṣọ̀fọ̀ Ẹni Tí Kò Bá Wa Tan

Ọ̀fọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í kà sí ọ̀fọ̀. Òun ni ọ̀fọ̀ tí ènìyàn ń ṣe nítorí eléré kan tí kò bá a tan, tí wọn kò jọ jẹun pọ̀ rí, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Bí ìròyìn ikú bẹ́ẹ̀ bá dé, ọ̀dọ́ á dákẹ́, oúnjẹ á sú u, á gbé aṣọ tí nọ́ḿbà eléré náà wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ̀, á sì jókòó sí kọ̀rọ̀. Àgbà tí ó bá rí i á béèrè pé: « Ṣé ó mọ̀ ọ́ rí ni? Ṣé ìyekan rẹ ni? »

Àwa kò fi irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ń mú inú ìlú dùn, gbogbo ìlú ní í sunkún rẹ̀. Bí akọrin Ẹ̀fẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń gbé òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ró bá kú ní Kétu, kì í ṣe àwọn ọmọ ilé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ká ọwọ́ lérí. Ẹni tí ó ti ìletò jíjìn rìn wá láti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà á mọ̀ pé nǹkan kan ti dín kù nínú ayé òun. Ayọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó fún wa láyọ̀ ti di tiwa, bí òun kò tilẹ̀ mọ̀ wá.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kò wá sí ilẹ̀ wa, eré tí ó ń ṣe kò sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe gbé ayé, bí ó ṣe kú lójijì, àti bí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe sunkún rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò bá a tan rí. Orúkọ rẹ̀ ni Roberto Clemente.

Ọmọ oko ìrèké

Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1934 ni a bí i ní Carolina, ìlú kan ní erékùṣù Puerto Rico, ní agbègbè òkun Kàríbéánì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 7. Melchor, bàbá rẹ̀, jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní oko ìrèké. Luisa ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé wọn kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Ìran ènìyàn dúdú ni wọ́n, ní erékùṣù kan nínú àwọn erékùṣù tí a torí ìrèké kó àìmọye ọmọ Áfíríkà kọjá òkun lọ. A kò lè ka àwọn ọkọ̀ tí ó gbéra ní etíkun tiwa, ní Ouidah, tí wọ́n kọjú sí agbègbè yẹn. Ẹni tí ó bá ti dúró létí òkun yìí rí mọ̀ pé omi tí ó wà níwájú òun kì í ṣe omi àjèjì sí ìbànújẹ́.

Eré tí ó gbé Roberto dé ojú ayé ni béésíbọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti mọ́ lára lè má mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ikọ̀ méjì ni ó ń pàdé, ènìyàn 9 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le koko. Ẹnì kejì á dúró tòun ti igi gbọọrọ lọ́wọ́, á gbìyànjú láti gbá a lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè hán an. Bí ó bá gbá a dáadáa, á sáré lọ sí ibùdó àkọ́kọ́. Bí àyè bá wà, á kọjá sí ìkejì àti ìkẹta, títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra, tí wọ́n ń pè ní ilé. Bọ́ọ̀lù náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá yege ní ìgbà 3 nínú 10, ọ̀gá ni a ń pè é. Eré tí ń kọ́ ènìyàn ní ìkùnà ni, tí ń kọ́ ọ bí a ṣe ń padà wá dúró lẹ́yìn ìkùnà.

Fún odidi ọdún 18, Clemente yege ju ìgbà 3 lọ nínú 10. Bí ó bá sì di àsìkò tí ikọ̀ kejì ń gbá bọ́ọ̀lù, apá ọ̀tún pápá ni ó máa ń ṣọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ju bọ́ọ̀lù padà pẹ̀lú agbára tí ó fi jẹ́ pé àwọn eléré ikọ̀ kejì á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sáré. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá mọ pápá ṣọ́ jù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní líìgì rẹ̀: ní 1961, 1964, 1965 àti 1967. Ní 1966, òun ni wọ́n yàn ní eléré tí ó wúlò jù lọ.

Orúkọ tí wọn kò fẹ́ pè

Ní 1954, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn gbà á, wọ́n sì rán an lọ sí Montreal, ní Kánádà, láti lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ọmọ Carolina yìí tí ó ń sọ èdè Sípéènì, tí ó dé ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, láàárín ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, Gùn lọ́jà àti Faransé ní ilé-ìwé, mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń há síni lọ́fun nígbà mìíràn. Ní òpin ọdún náà ni ẹgbẹ́ Pirates ti Pittsburgh mú un. Láti 1955 títí di 1972, kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn ní líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ayé kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ náà bá lọ ṣe ìgbáradì ní Florida, àwọn eléré dúdú kò lè jẹun ní ilé oúnjẹ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan náà. Ìyà méjì ni ó pàdé Clemente: àwọ̀ rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kan máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀, kí àwọn òǹkàwé lè fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún sọ ọ́ ní « Bob » àti « Bobby », orúkọ tí bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́. Ó ń tún wọn ṣe nígbà gbogbo pé Roberto ni orúkọ òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa. Nígbà ìjọba Faransé, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi àmì kọ́ lọ́rùn, tí yóò máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ìtìjú náà kò tíì kúrò nínú ọkàn gbogbo wa. A ṣì ń gbọ́ ọmọ tí ń fi ẹnu Faransé pe orúkọ ara rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rẹ́rìn-ín. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Clemente mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìjánu náà lọ́wọ́ òun.

Ohun tí ó béèrè fún ara rẹ̀ ni ó béèrè fún àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King ní oṣù kẹrin 1968, òun àti àwọn eléré dúdú ẹgbẹ́ Pirates kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọdún náà títí wọn yóò fi sin òkú ọkùnrin náà tán. Wọ́n sún eré náà síwájú. Ẹni tí a fẹ́ sọ bí a ṣe ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀.

Ìre òbí lójú gbogbo ayé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gba ife-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nínú eré yìí, ní 1960 àti 1971. Ti ìkejì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè gbàgbé. Ó ti di ẹni ọdún 37, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ eléré ti ń fi pápá sílẹ̀. Eré 7 ni wọ́n bá ẹgbẹ́ Orioles ti Baltimore ṣe kí wọ́n tó borí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Clemente kò ti gbá bọ́ọ̀lù yege. Òun ni wọ́n yàn ní eléré tí ó ta yọ jù lọ.

Nígbà tí eré parí, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, gbogbo Amẹ́ríkà sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun kọ́kọ́ fi èdè Sípéènì sọ̀rọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó kọjú sí. Ó tọrọ ìre lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ní ọjọ́ tí ó ga jù lọ nínú ayé rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ èyí fún. Ẹni tí ó bá dé orí òkè, tí ó sì rántí láti dọ̀bálẹ̀, ọmọ tí a tọ́ ni. Ní Puerto Rico, a gbọ́ èdè ilé láti orí àga iyì ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó gbọ́ ọ kò tún lè pe Clemente ní àjèjì mọ́.

Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1972, ní Pittsburgh, ó gbá bọ́ọ̀lù kan tí ó mú un sáré dé ibùdó kejì. Ìgbà 3,000 ni ó pé tí ó gbá bọ́ọ̀lù yege ní líìgì ńlá. Ènìyàn 10 péré ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fi kí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa rò pé ọdún tí ń bọ̀ ni kíkà náà yóò tẹ̀síwájú.

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún

Ní ìparí ọdún náà, Clemente ti wà ní Managua, olú-ìlú Nicaragua, gẹ́gẹ́ bí olùdarí ikọ̀ Puerto Rico tí ó lọ ṣe ìdíje níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ìlú náà. Kò pẹ́ tí ó padà sílé ni ìmìtìtì ilẹ̀ wó àárín Managua lulẹ̀, lóru ọjọ́ 23 oṣù kejìlá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú. Àwọn tí ó yè kò ní ilé, wọn kò ní omi, wọn kò ní oògùn.

Clemente kò fi owó ránṣẹ́ kí ó sì padà sí ìdí ọdún Kérésìmesì. Ó di olórí àwọn tí ń kó ìrànlọ́wọ́ jọ ní Puerto Rico. Ó bọ́ sí orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ àwọn ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé àwọn ọmọ-ogun ìjọba Somoza ń gba ẹrù náà, kò sì ń dé ọwọ́ àwọn tí ebi ń pa. Ó pinnu pé òun yóò bá ẹrù tí ó kàn lọ, nítorí ó gbà pé bí òun bá dúró níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè jí i.

Ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan ni wọ́n fi kó ẹrù náà. Nínú oṣù kejìlá kan náà, ọkọ̀ yìí ti ní ìjàǹbá lórí ilẹ̀. Ẹrù tí wọ́n kó sínú rẹ̀ fi nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì ju ohun tí òfin gbà fún un lọ. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1972 ti kọjá díẹ̀, ọkọ̀ náà gbéra ní San Juan pẹ̀lú ènìyàn 5 nínú. Kò ga. Ẹ̀rọ rẹ̀ kọṣẹ́, ó yí padà bí ẹni tí ó fẹ́ bọ̀ wá sílé, ó sì já sínú òkun, ní ibi tí kò jìnnà sí etíkun rárá. Kò sí ẹni tí ó yè nínú wọn. Ẹni ọdún 38 ni Clemente. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Vera, sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kéékèèké mẹ́ta. Bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ó tọrọ ìre lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ayé, ṣì wà láàyè. Àwọn àgbà wa ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ.

Àwọn tí ó dúró létí òkun

Alẹ́ ọdún tuntun ni. Ìlù ń dún, oúnjẹ wà lórí tábìlì. Bí ìròyìn ṣe ń ti ilé dé ilé, ìlú dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba etíkun lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, àti ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n dúró lórí iyanrìn, wọ́n ń wo omi. Ìjọba kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Àwọn ọmọ-ogun ojú omi ni ó ní ọkọ̀, àwọn ni ó mọ omi wọ̀. Olólùfẹ́ eré tí ó dúró lórí iyanrìn kò lè ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, ìdúró náà gan-an ni ọ̀fọ̀ wọn. Nínú àṣà tiwa, a kì í fi ẹni tí òfò ṣẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. A lè má ní ọ̀rọ̀ tí a óò sọ, ṣùgbọ́n a óò wá jókòó. Àwọn ará Puerto Rico wá jókòó ti òkun.

Ẹnì kan wà tí ìdúró kò tó fún. Manny Sanguillén, ọmọ Panama, ẹlẹgbẹ́ Clemente nínú ikọ̀ Pirates, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Nígbà tí àwọn eléré yòókù wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Carolina fún ìsìn ìrántí, Sanguillén kò sí láàárín wọn. Ó wà nínú omi. Ó ń bá àwọn tí ń wá òkú rì sínú òkun, ó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọn kò rí òkú Clemente títí di òní. Èyí ni ó mú ọ̀fọ̀ náà le jù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹni tí omi bá gbé lọ, etí omi ni à ń sin ín sí. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, a ti rí i. A mọ ibi tí a óò dúró sí láti pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò ní sàréè, níbo ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò gbé òdòdó lọ? Ta ni yóò sọ fún ọmọdé pé ó ti parí?

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wá ibòmíràn gbé ìrántí náà sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje 1973, ẹgbẹ́ Pirates kéde pé ẹnikẹ́ni kò tún ní wọ nọ́ḿbà 21 rẹ̀ mọ́. Òfin Gbọ̀ngàn Òkìkí eré béésíbọ́ọ̀lù, tí ó wà ní Cooperstown, sọ pé eléré gbọ́dọ̀ ti fi pápá sílẹ̀ fún ọdún 5 kí a tó lè yàn án. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin yìí. Nínú àwọn akọ̀ròyìn 424 tí ó dìbò ní oṣù kẹta 1973, 393 ni ó yàn án. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà elédè Sípéènì àkọ́kọ́ tí ó wọ gbọ̀ngàn náà. Àwọn akọ̀ròyìn tí ń pè é ní « Bob » kọ́ láti pe Roberto.

Òkun tiwa náà mọ̀ ọ́n

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Puerto Rico nìkan ni, a lè kẹ́dùn kí a sì yí ojú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ka bí ọkọ̀ yẹn ṣe já sínú òkun, ọkàn rẹ̀ á lọ sí Kútọnu. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá 2003, ọjọ́ Kérésìmesì, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 727 kan gbéra ní Kútọnu, ó ń lọ sí Beirut. Púpọ̀ nínú àwọn èrò inú rẹ̀ jẹ́ ará Lẹ́bánónì tí ń ṣe òwò ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń lọ ṣe ọdún nílé. Kò lè ga. Ó kọlu ilé kan ní ìparí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì já sí etíkun. Ó lé ní 130 ènìyàn tí ó kú. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rí i pé ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, pé wọn kò tò ó bí ó ti yẹ, àti pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Ọdún 31 ni ó wà láàárín ikú méjèèjì. Oṣù kejìlá kan náà, ẹrù àpọ̀jù kan náà, etíkun kan náà tí àwọn ènìyàn dúró sí láti wo omi.

Àwọn ará wa ní Tógò náà mọ adùn àti ikorò fífẹ́ràn eléré. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní 2010, àwọn ọlọ́tẹ̀ yìnbọn sí ọkọ̀ tí ó ń gbé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà, ní Cabinda, ní ilẹ̀ Angola. Igbákejì olùkọ́ni, Abalo Amelete, àti agbẹnusọ ikọ̀ náà, Stanislas Ocloo, kú. Ikọ̀ náà padà sílé láìgbá bọ́ọ̀lù kankan, gbogbo orílẹ̀-èdè sì wọ ọ̀fọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ra aṣọ ikọ̀ náà láti fi yọ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n fi sunkún.

Bí irú ikú báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń yá lẹ́nu wa: « Àmúwá Ọlọ́run ni. » Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, a kò sì ní gbà á lẹ́nu ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ọlọ́run kọ́ ni ó di ẹrù sínú ọkọ̀ ní San Juan. Ọlọ́run kọ́ ni ó ka èrò wọ ọkọ̀ ní Kútọnu. Vera Clemente àti àwọn ìdílé yòókù tí òfò náà kàn pe ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ṣọ́ ọkọ̀ náà bí ó ti yẹ. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre. Èyí tí ó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ náà padà. Wọn kò borí. Síbẹ̀, wọ́n ti béèrè, ìbéèrè náà sì jẹ́ ara ọ̀fọ̀ wọn. Ẹni tí a fẹ́ràn yẹ ní ẹni tí a ń béèrè bí ó ṣe kú.

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ wo taksí tí ń ti Kétu lọ sí Pobè: èrò mẹ́rin níwájú pẹ̀lú awakọ̀, àwọn mìíràn lẹ́yìn lórí ara wọn, ìyànǹgbà àpò àgbàdo lórí òrùlé, ewúrẹ́ nínú búùtù. Ẹ wo zémìjàn tí ó gbé ìyá, ọmọ méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo. A ń rẹ́rìn-ín, a ń wọlé, a ń san owó. Bí ìjàǹbá bá dé, a ó sọ pé àkókò ti tó. Ọ̀dọ́ tí ó sunkún eléré tí ẹrù àpọ̀jù pa, tí ó sì gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹkún rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹkún tí ó di iṣẹ́

Àwọn olólùfẹ́ Clemente kò dúró sí orí iyanrìn títí ayé. Ó ti máa ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọgbà eré ìdárayá fún àwọn ọmọ tálákà Puerto Rico, kí wọ́n lè ní ibi tí wọn yóò ti ṣeré, tí wọn yóò sì ti kọ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Vera gbé iṣẹ́ náà, ọgbà náà sì dìde ní Carolina. Lọ́dọọdún, líìgì ńlá ń fún eléré kan ní àmì-ẹ̀yẹ tí ń jẹ́ orúkọ Clemente. Iṣẹ́ àánú tí eléré náà ń ṣe láàárín ìlú ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún un, kì í ṣe gbígbá bọ́ọ̀lù nìkan. Ní Pittsburgh, afárá tí ó lọ sí pápá ìṣeré ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ògiri apá ọ̀tún pápá náà, níbi tí ì bá ti máa dúró, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 21, gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà tí ó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé òmùgọ̀ ni ọ̀dọ́ tí ń sunkún eléré. Ẹkún náà ń fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ṣì lè fẹ́ràn ohun tí ó dára lára ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ọkàn bẹ́ẹ̀ náà ni ó mú Clemente fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọdún tuntun nítorí àwọn ará Managua, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n rí, tí òun náà kò sì mọ̀. Bí a bá ń bi ọ̀dọ́ yìí pé « Ṣé ìyekan rẹ ni? », ó yẹ kí a rántí pé bí Clemente bá ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà, kì bá tí wọ ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún. Ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára ẹni tí ó lọ. Ìdáhùn wọn yóò sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ láti dà fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ pe orúkọ ẹni yín bí òbí rẹ̀ ṣe pè é. Ẹ béèrè ohun tí ó pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ yín tó, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí ẹ sì gbà á ṣe.

Kíkà Clemente dúró sí 3,000 géérégé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé èyí ni yóò kẹ́yìn nígbà tí ó bọ́ fìlà rẹ̀ kí àwọn ènìyàn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Kò sí ẹni nínú wa tí ó mọ èyí tí yóò jẹ́ ìkẹyìn nínú tirẹ̀.